Ìdúrópẹ́ Ní Ilé Ìwòsàn: Ta Ni Kò Gbọdọ̀ Dúró?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti sú gbogbo wa, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ẹ̀yin tí ẹ ń wá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdúrópẹ́ ni. Ènìyàn yóò jí ní ìdájí, yóò gba nọ́ńbà, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oòrùn yóò yọ, oòrùn yóò kan àtàrí, síbẹ̀ a kò ní tí ì pe orúkọ rẹ̀. Níhìn-ín ní Ìrèsì, mo ti rí àwọn tí ó ti oko wá lórí ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó fojú kan ẹni tí yóò tọ́jú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo, Ìbàdàn àti Èkó kò ní ṣàì mọ̀ pé ti ìlú ńlá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní tàn yín. N kò ní oògùn tí a ó lò tí ilé ìwòsàn kò fi ní kún mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìdúró kò rí bákan náà fún gbogbo aláìsàn. Àìsàn kan wà tí ó lè dúró di ọ̀la láìsí ewu. Òmíràn wà tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, tí ó sì lè la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, lè fi ìmọ̀ yìí gba ẹ̀mí là.

ỌMỌ TÍ WỌ́N RÒ PÉ Ó SÙN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ìgbòògùn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìyá ọmọ kan wọlé ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Èrò ti kún. Ó gba nọ́ńbà 43, ó sì lọ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì tí ó kẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ, wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń ké, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, wọ́n ń fa gèlè ìyá wọn. Ọmọ yìí nìkan ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi fúnra mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ tí ń ké ni mo ń dá lóhùn.

Nígbà tí ó tó nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì í fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì fi ohùn rara pè mí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí o! Ó tutù bí omi àmù!" Nígbà tí a sọ ọmọ náà kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú, nígbà tí mo sì fa awọ ikùn rẹ̀, kò tètè padà sí ipò rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó ti ń yà láti ọjọ́ mẹ́ta, omi ara rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. A bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ wí nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kò fi pè wá. Ó ní: "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó sùn ni. Nọ́ńbà mi kò sì tí ì kàn."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìyá yẹn. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni. Kò fẹ́ gba iwájú ẹnikẹ́ni. Àwa ni a fi nọ́ńbà lé e lọ́wọ́ tí a kò wo ọmọ tí ó pọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú un ní àṣà pé, kí n tó pe nọ́ńbà àkọ́kọ́, n ó kọ́kọ́ rìn yí ká láàrin àwọn tí ó jókòó, n ó sì wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ó ti rí ẹni tí yóò rìn yí yín ká. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin náà ní ojú tí a fi ń wo aláìsàn.

ÈÉṢE TÍ A FI Ń PẸ́ TÓ BẸ́Ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àkókò ṣòfò ni. N kò ní sọ pé irú wọn kò sí, nítorí iṣẹ́ tiwa náà ní ẹni rere àti ẹni búburú. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó tóbi jù mẹ́ta wà.

Èkínní, òṣìṣẹ́ kò tó. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní ilẹ̀ wa ni ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Saudi Arabia. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta sì ti di ti ẹnì kan.

Èkejì, kì í ṣe ìdúró kan ṣoṣo ni aláìsàn ń dúró. Ó dúró gba káàdì, ó dúró kí a wọn ìgbóná ara àti ìfúnpá rẹ̀, ó dúró de dókítà, ó dúró ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó tún padà wá dúró de dókítà, ó dúró san owó, ó sì dúró gba oògùn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì wákàtí péré, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ibi kan náà ni gbogbo wa ń rọ́ lọ ní àkókò kan náà. Ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí ó ń kú lọ jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní àdúgbò lè tọ́jú ẹni àkọ́kọ́ kí ó sì padà sílé láàrin wákàtí kan.

Kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2000, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á kalẹ̀ pé, nígbà tí ọdún 2004 bá fi máa parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ju wákàtí 4 lọ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Lónìí, wọn kò lè mú un ṣẹ fún gbogbo ènìyàn mọ́. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe jókòó mọ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó TI ÌMẸ̀SÍ-ILÉ JÁDE

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí gbogbo ayé fi ń dín ìyà ìdúró àwọn ọmọ kù ti itòsí wa níhìn-ín jáde. Ní 1956, oníṣègùn àwọn ọmọdé kan, Dókítà David Morley, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí ó sì ti di apá kan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ó wà níbẹ̀ títí di 1961. Ó rí i pé àwọn ọmọdé ń kú nípa àwọn àìsàn tí a lè tètè mú: ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, ibà, èéyi àti àìjẹun-dáadáa. Dókítà kò sì lè tó láéláé láti rí gbogbo wọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí wa ní Ìrèsì. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́ láti máa yẹ àwọn ọmọ wò, kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn, kí wọ́n sì máa fi àwọn tí àìsàn wọn le ránṣẹ́ sí dókítà. Wọ́n ṣe káàdì kan tí a ń fi ìlà tọ ìwọ̀n ọmọ lórí rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ní kí ìyá ọmọ mú káàdì náà lọ sílé kí ó máa pa á mọ́. Káàdì yìí tàn kárí ayé. Bí ẹ bá rí káàdì tí a fi ń wọn ọmọ yín lónìí, tí ìlà rẹ̀ ń gòkè bí ọ̀nà orí òkè, ìdílé káàdì Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti wá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkínní ni pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó gbọ́dọ̀ dúró de dókítà. Èkejì ni pé ìyá ọmọ kì í ṣe ẹni tí yóò kàn jókòó kí a pè é. Òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ọmọ wà.

A KÌ Í FI NỌ́ŃBÀ NÌKAN TỌ́JÚ ALÁÌSÀN

Láyé àtijọ́, ní ojú ogun Napoleon ọba ilẹ̀ Faransé, oníṣègùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dominique Jean Larrey. Ó pàṣẹ pé ọmọ ogun tí ọgbẹ́ rẹ̀ bá léwu jù ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, ìbáà ṣe ọ̀gágun, ìbáà ṣe ọmọ ogun lásán. Kò wo oyè, kò sì wo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ìlànà yìí ni ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń tẹ̀lé. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ti ń pín àwọn ọmọ aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́ta bí wọ́n bá ti ń wọlé: ẹni tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú lójú ẹsẹ̀, ẹni tí a gbọ́dọ̀ tètè mú síwájú ìlà, àti ẹni tí ó lè dúró de nọ́ńbà rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé a gbé ẹni tí ó dé lẹ́yìn yín wọlé ṣáájú yín, ẹ má ṣe tètè bínú pé a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ikú ni ó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé apá yìí kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Nínú àwọn ọmọdé: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, ọmọ tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó bá gbé mì, ọmọ tí gìrì mú, ìbáà ti dáwọ́ dúró, ọmọ tí ó rọ jọwọrọ, tí ó ń sùn ṣáá tí kò sì ṣeé jí, ọmọ tí ó ń mí fúyẹ́fúyẹ́, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí, ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí ojú rẹ̀ jìn nítorí ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ tí iná tàbí omi gbígbóná jó, ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì tàbí oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà ni ọmọ jòjòló tí kò tí ì pé oṣù 2, àìsàn yòówù kó máa ṣe é. Ọmọ tí ó ń ké kíkankíkan ṣì ní agbára. Ọmọ tí ó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Nínú àwọn aboyún àti ìyá ìkókó: ẹni tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹni tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹni tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, ẹni tí gìrì mú, ẹni tí omirà rẹ̀ dà, ẹni tí kò gbọ́ kí ọmọ inú rẹ̀ yí bí ó ti máa ń yí, ẹni tí ó bímọ tí ara rẹ̀ sì ń gbóná janjan.

Nínú àwọn àgbà: ẹni tí àyà ń dùn bí ẹni pé a gbé òkúta lé e, ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹni tí ó dákú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ẹni tí ejò bù jẹ, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ó ń làágùn tí ó sì ń sọ ìsọkúsọ. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìrora tàbí ibà sì gbé dé, kò gbọdọ̀ dúró pẹ́.

BÍ A ṢE Ń SỌ Ọ́

Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ tí a fi ń rí ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi kò gbádùn," ẹ kò tí ì sọ ohunkóhun, nítorí kò sí ẹni tí ó gbádùn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, a ó gbọ́ èébú, a kò ní gbọ́ àìsàn. Ẹ dárúkọ àmì tí ẹ rí. Ẹ wí báyìí pé: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí fún ìṣẹ́jú kan. Kò mu ọmú láti àná, mo sì pè é, kò là ojú." Nọ́ọ̀sì tí ó bá gbọ́ èyí, tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní lè jókòó.

Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá dá yín lóhùn, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ lè béèrè pé: "Ta ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì lónìí?" Kò sí àfojúdi nínú èyí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ara lè yí padà. Ẹni tí ó jókòó dáadáa ní agogo mẹ́jọ lè ti burú ní agogo mẹ́wàá. Bí ó bá ti yí padà, ẹ tún lọ sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ara yín lórí bẹ́ǹṣì, ẹ jẹ́ ojú fún ara yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òun ni ó gba ọmọ yẹn là.

BÍ Ẹ BÁ Ń DÚRÓ LỌ́WỌ́

Ìdúró kò túmọ̀ sí pé kí a ká ọwọ́ gbera. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹ béèrè fún oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pè ní ORS, kí ẹ sì máa fi ṣíbí fún un níbi tí ẹ jókòó sí. Omi tí ó mọ́ ni kí ẹ fi pò ó, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀n tí a kọ sí ara àpò rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 lè mu tó mìlílítà 50 sí 100, èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mu 100 sí 200. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa délé, ẹ béèrè fún oògùn sínkì tí ọmọ yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ má ṣe já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ nítorí pé ẹ ń dúró de dókítà. Ebi ń pa ọmọ aláìsàn kíákíá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò bá ké. Bí ó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 2, tàbí 50 fún èyí tí ó wà láàrin oṣù 2 sí ọdún 1, tàbí 40 fún èyí tí ó wà láàrin ọdún 1 sí 5, ó lè jẹ́ òtútù àyà. Ẹ lọ sọ iye náà fún nọ́ọ̀sì.

Bí gìrì bá mú ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì ké pè wá. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe rọ ọ́ ní àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè pa ọmọ.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú oúnjẹ lọ́wọ́. Bí a bá ní kí ó gbààwẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó jẹun ní kété tí a bá ti gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ó bá ń gbọ̀n tí ó sì ń làágùn, kí ó mu omi ṣúgà tàbí mínírà lójú ẹsẹ̀, kí a sì pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oògùn àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ń lọ rí dókítà, àfi bí dókítà fúnra rẹ̀ bá ti pa á láṣẹ.

Ẹni tí ó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó bo ẹnu àti imú rẹ̀, kí ó sì jókòó síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí ikọ́ ife ń ràn nínú yàrá tí ó há. Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí a yàn fún un. Bákan náà ni ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí ó sì sú wúruwùru kò gbọdọ̀ jókòó láàrin àwọn ọmọ yòókù, kí ó má baà kó èéyi ràn wọ́n.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Bí àìsàn kò bá le tó bẹ́ẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ìrìn àjò ilé ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá káàdì yín jáde, nítorí káàdì tí ó sọnù ni ó ń fi ènìyàn sí ìlà kejì. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ sì mú un wá. "Oògùn pupa kan báyìí" kò lè yé dókítà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe, ohun tí ẹ ti lò sí i. Ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún wa. A kò ní nà yín. Ẹ mú omi mímu, oúnjẹ, aṣọ ìbora ọmọ àti ẹnì kan tí yóò bá yín jókòó, kí ó lè di àyè yín mú bí ẹ bá fẹ́ tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí a má baà pe orúkọ yín kọjá.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò nílò àti wá ní ọjọ́ Ajé. Ẹ sì mọ ilé ìwòsàn kékeré tí ó sún mọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò fún yín ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹni tí ó bá sì mú ìwé bẹ́ẹ̀ wá ni ó yẹ kí a tètè wò. Ẹ fi ìwé náà hàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe fi pamọ́ sínú báàgì di ìgbà tí ẹ bá rí dókítà.

Ohun kan ṣì kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìdúró máa ń sú, tí wọn a dìde, tí wọn a gba kẹ́mísì lọ, tí wọn a ra kápúsù mẹ́rin pọ̀ mọ́ pánádọ́ọ̀. Ara lè fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àìsàn náà ń bẹ nínú ilé rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ bi í pé: "Ṣé àìsàn yìí lè dúró di ọ̀la?" Ìdáhùn tí yóò fún yín tó fún gbogbo àárọ̀ tí ẹ fi jókòó.

ÌDÚRÓ TÍ Ó BURÚ JÙ LỌ

Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ìwé lórí ohun tí ń pa àwọn aboyún. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ni: èkínní, kí a tó pinnu nílé láti lọ, èkejì, kí a tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀kẹta, kí a tó rí ìtọ́jú nígbà tí a bá débẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo wa máa ń pariwo lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ wa nínú ilé. Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ dúró fún wákàtí mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì wa, ẹ̀bi wa sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nílé ṣáájú, nítorí pé bàbá rẹ̀ lọ sí oko, owó ọkọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin baba ilé, ẹ fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbi tí ìyá àwọn ọmọ ti lè rí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró gba àṣẹ kí ó tó gbé ọmọ tí ó ń kú lọ. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀, ẹ má ṣe dúró di àárọ̀, ẹ má sì ṣe dúró de nọ́ńbà. Nọ́ńbà wà fún ètò. Kò wà fún pípa ọmọ ènìyàn.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún tọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn lọ́la, kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì wo ti ẹni tí ó jókòó tì yín. Ọlọ́run yóò fún gbogbo wa ní ìlera. Ó dìgbà kan ná.